Odò Tí Wọn Kò Sọdá

Ọkùnrin náà ń pẹja lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ohun tí Èyíwùnmí kọ́kọ́ rí nìyẹn ní ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù Kẹrin ọdún 1995, bó ṣe ń gbé abọ́ ìrẹsì sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní páàkì etí odò Potomac ní Fort Washington, ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti ń ṣe fàájì. Odò fẹjú salalu níwájú, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kọ ẹ̀yìn sí i. Àárín pápá ló dúró sí. Á fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ju okùn sókè, okùn náà á gba orí rẹ̀ kọjá lọ sẹ́yìn, á dúró díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, á sì padà wá balẹ̀ lórí koríko jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn sórí ẹní.

Èyíwùnmí kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò bá mọ̀. Apoògùn ni, ilé oògùn kan ní Largo ló ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ ló sì ń bá àlejò sọ̀rọ̀ débi pé ẹnu ti máa ń rẹ̀ ẹ́ kó tó délé. Ṣùgbọ́n ó rò pé bóyá ara ọkùnrin yìí ò yá. Ó gbé ìrẹsì kalẹ̀, ó rọra sún mọ́ ọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá," ó ní, "irú ẹja wo lẹ ń wá lórí koríko?"

Ọkùnrin náà yíjú, ẹ̀rín ti wà lójú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. "Láti àárọ̀, kò sí èyí tó sún mọ́ mi," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wá."

Ó fi ẹnu okùn náà hàn án. Kò sí ìwọ̀ níbẹ̀, òwú pupa bíńtín ló so mọ́ ọn. Ó ṣàlàyé pé iṣẹ́ amọ̀nà lòun ń ṣe. Tí ìgbà ooru bá dé, òun a máa kó àwọn tó gba ìsinmi lọ sí apá àríwá Alaska, níbi tí títì ò dé, tó jẹ́ pé orí omi ni bàálù kékeré tó ń gbé wọn lọ ti máa ń balẹ̀. Ìjẹ tí wọ́n fi ń pẹja níbẹ̀, ìyẹ́ àti òwú ni wọ́n fi ń ṣe é bí eṣinṣin, ó sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé okùn lèèyàn ń jù, kì í ṣe ìjẹ. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ ti mọ̀ ọ́n kí ìgbà tó tó, ìdí nìyẹn tóun fi ń fi koríko kọ́ ọwọ́. Ó ní Ọládipúpọ̀ lorúkọ òun, Laurel lòun ń gbé, Mobáyọ̀ tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin wọn ló pe òun wá. Ó wá béèrè orúkọ tirẹ̀.

"Èyíwùnmí."

"Èyíwùnmí," ọkùnrin náà tún un pè. "Ẹ má bínú o. Orúkọ yín ni mo pè yẹn, àbí mo ti sọ tinú mi?"

Èyíwùnmí rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé kò yẹ kóun tíì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ọ̀pá náà ti dé ọwọ́ rẹ̀. Dípúpọ̀ ò fọwọ́ kàn án, ẹ̀gbẹ́ kan ló dúró sí, ó ń sọ fún un pé kó má kánjú, kó jẹ́ kí okùn nà tán lẹ́yìn kó tó pè é padà. Ìrẹsì tutù síbẹ̀, ìyá rẹ̀ sì wá a títí.

Láti ọjọ́ náà lọ, Dípúpọ̀ ń wa ọkọ̀ láti Laurel wá sí Largo kó lè bá a jẹun ọ̀sán. Èyíwùnmí ń pè é ní Apẹja Orí Koríko, òun náà ń pè é ní Ìyá Oníhóró, nítorí hóró oògùn tó ń kà látàárọ̀ dalẹ́. Dípúpọ̀ sọ fún un pé Ìbàdàn ni wọ́n ti bí òun, pé iṣẹ́ ẹ̀rọ lòun kọ́ ní yunifásítì, òun sì ti jókòó ní ọ́fíìsì fún ọdún mélòó kan kóun tó gba ìsinmi lọ sí àríwá. Ó ní ara òun padà wá, ọkàn òun ò bá a wá.

Ó lọ sí Alaska nínú oṣù Kẹfà. Kò sí fóònù ní ibùdó wọn, àfi tí bàálù bá gbé e lọ sí ìlú láti ra oúnjẹ ló tó lè pè. Ohùn rẹ̀ á máa já, á máa so. Èyíwùnmí á mú fóònù mọ́ etí, inú rẹ̀ á sì máa dùn sí ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ dáadáa. Nígbà tó fi padà dé lóṣù Kẹsàn-án, tó dúdú, tó sì rù, àwọn méjèèjì ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ń lọ.

Àsìkò Kérésìmesì ni Èyíwùnmí mú un wá sílé. Bàbá Èyíwùnmí, Alàgbà Fúnṣọ́, jẹ́ aṣírò owó ní iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Washington, wọ́n sì tún jẹ́ alámòójútó nínú ìjọ. Wọ́n gba àlejò náà tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n bi í léèrè ará Ìbàdàn, wọ́n rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, títí wọ́n fi béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Bó ṣe dáhùn ni ojú wọn yí padà. Wọn ò sọ̀rọ̀ burúkú kankan. Wọ́n jẹ́ kó jẹun tán, wọ́n sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n wá sọ fún ọmọ wọn pé kò lè ṣeé ṣe.

Èyíwùnmí rò pé ìtìjú ló ń ṣe wọ́n, pé wọn ò fẹ́ kí àwọn èèyàn gbọ́ pé ọmọ tí wọ́n rán ní yunifásítì fẹ́ apẹja. Ìyá rẹ̀, Mọ́mì Felicia, ló pè é sí ilé ìdáná, tí wọ́n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un. Apẹja ni bàbá Dádì ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sà ló gbé e lọ nígbà tí Dádì ṣì jẹ́ ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ padà wá ní ìdojúdé, òun ò padà wá. Láti ìgbà náà, Dádì ò ki ẹsẹ̀ bọ omi mọ́.

Alàgbà Fúnṣọ́ kì í sì í ṣe ìkà. Wọ́n bá ọ̀rẹ́ wọn kan sọ̀rọ̀, wọ́n wá iṣẹ́ ẹ̀rọ fún Dípúpọ̀ ní ọ́fíìsì kan nítòsí, iṣẹ́ gidi tó ní ìnṣọ́ránsì àti ìsinmi. Èyíwùnmí fi ayọ̀ gbé ìròyìn náà lọ sí Laurel. Inú ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n jókòó sí níwájú ilé tí Dípúpọ̀ ń gbé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ọ̀rọ̀ ọ̀sà. Dípúpọ̀ ní kó bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Dádì gan-an, ṣùgbọ́n òun ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí, òun mọ ohun tó sọ òun dà.

"O fẹ́ràn odò yẹn jù mí lọ," Èyíwùnmí ní.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Èyí. Ẹni tó o rí tó o sì fẹ́ràn, òun ni mo fẹ́ kó o rí fẹ́. Tí mo bá gba iṣẹ́ yìí, ẹlòmíì lo máa bá nílé."

Èyíwùnmí ní kó sọ̀kalẹ̀. Ó sunkún láti Laurel dé Fort Washington. Nígbà tí yìnyín ńlá ọdún 1996 bo gbogbo àdúgbò mọ́lẹ̀, tí kò sẹ́ni tó lè jáde, ó dúró sí ojú fèrèsé, ó ń rò ó bóyá Dípúpọ̀ ní oúnjẹ nílé. Kò pè é. Dípúpọ̀ náà ò pè.

Ó di ìgbà tí ewé ń rú, lọ́jọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, kí aago ẹnu ọ̀nà tó dún. Dípúpọ̀ ló wọ kóòtù, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Alàgbà Fúnṣọ́. Kò béèrè fún ọmọ wọn. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun nípa bàbá wọn, òun sì ti rò ó títí. Òun ò ní sọ pé omi ò léwu, ó léwu, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mú amọ̀nà dání. Ohun tóun ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí wọ́n bá òun lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n fojú ara wọn rí bóun ṣe ń ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá wá ní rárá lẹ́yìn ìyẹn, òun ò ní yọ wọ́n lẹ́nu mọ́.

Alàgbà Fúnṣọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde. Mọ́mì Felicia ló sọ̀rọ̀ láti orí àga wọn.

"Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ yín lẹ ti ń bínú sí omi," wọ́n ní. "Ṣé omi mọ̀?"

Bàbá àti ọmọ ló lọ sí Alaska nínú oṣù Keje. Mọ́mì ní àwọn ò lọ, pé béárì inú igbó ibẹ̀ ò mọ ìyá ìjọ yàtọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n di ata gígún sínú báàgì fún wọn.

Ibi tí bàálù já wọn sí, tí Dípúpọ̀ ti ń dúró dè wọ́n, kò sí ilé, kò sí òpó iná. Òkè tó dé fìlà yìnyín, igbó kúkúrú, odò tó mọ́ débi pé èèyàn ń rí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀, àti ẹ̀fọn tó pọ̀ ju ti Ẹ̀pẹ́ lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í sì í ṣú nígbà ooru. Alàgbà Fúnṣọ́ gbàdúrà ìrọ̀lẹ́ nínú oòrùn gbangba, wọ́n sì la ojú kan láàárín àdúrà láti wò ó bóyá wọn ò ṣìnà àkókò.

Níbẹ̀rẹ̀, àga ni wọ́n jókòó lé ní etí odò, wọ́n ká ọwọ́ gbera. Èyíwùnmí àti Dípúpọ̀ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí àlejò àti amọ̀nà, wọ́n ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí Èyíwùnmí mú ẹja àkọ́kọ́, tí Dípúpọ̀ bá a yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tó sì dá a padà sínú omi, bàbá rẹ̀ ò lè mú un mọ́ra. Wọ́n béèrè pé ṣé nítorí àtidá ẹja padà làwọn ṣe wọ bàálù mẹ́ta. Dípúpọ̀ fẹ̀sọ̀ dáhùn pé ọ̀kan tó fún oúnjẹ alẹ́, ìyókù ń dúró de ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n mi orí, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ọ̀kan náà tán pẹ̀lú ata Mọ́mì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì èyí, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, Alàgbà Fúnṣọ́ lọ wọ ṣòkòtò rọ́bà tó dé àyà. Dípúpọ̀ di bẹ́líìtì wọn mú látẹ̀yìn, wọ́n sì jọ wọ odò, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Omi dé orúnkún wọn. Èyíwùnmí rí i pé Dípúpọ̀ ò wo ẹja, kò wo òkè, ẹsẹ̀ bàbá nìkan ló ń wò.

Inú Dádì wá dùn sí i débi pé wọ́n ń béèrè òdìkejì odò, níbi tí àwọn ẹja sámọ́ńnì ńlá wà. Dípúpọ̀ ṣèlérí pé àwọn máa sọdá ní ọ̀la. Ṣùgbọ́n nígbà tó di àárọ̀, ó dúró sí etí odò, ó wo òkè, ó wo omi, ó sì ní òjò ti rọ̀ lókè, odò lè kún lójijì, àwọn ò ní lọ.

Alàgbà Fúnṣọ́ ní omi yìí ò ju itan lọ. Wọ́n ní àná ni wọ́n ti ń múra. Wọ́n wá fi ohùn tí wọ́n fi ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nílé sọ ọ́ pé àwọn ti pinnu, kó mú ọ̀pá rẹ̀, kó jẹ́ kí àwọn sọdá.

Dípúpọ̀ ṣí fìlà.

"Ẹ máa bínú sí mi, sà. Ẹ lè bínú dé Maryland. Ẹ lè ní n ò gbọ́dọ̀ fẹ́ ọmọ yín, mo máa gbà. Ṣùgbọ́n a ò ní sọdá lónìí."

Èyíwùnmí rò pé ó ti parí nìyẹn. Bàbá rẹ̀ wo ọmọkùnrin náà látòkè délẹ̀, wọ́n lọ jókòó sórí òkúta kan, wọ́n kẹ̀yìn sí wọn. Àárọ̀ kọjá, ọ̀sán kọjá. Omi ò kún. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, ó tún wá mọ́ ju ti àná lọ.

Dípúpọ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ bá wọn. Èyíwùnmí tẹ̀ lé e.

"Omi ò kún, sà," ó ní. "Ó ṣeé ṣe ká ti lọ ká sì ti bọ̀ láyọ̀. Mo ti fi ọjọ́ kan ṣòfò fún yín."

"Mo rí i," Alàgbà Fúnṣọ́ ní. "Lọ́jọ́ tí bàbá mi lọ, gbogbo Ẹ̀pẹ́ ló rí i pé ojú ọ̀run ti ṣú. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú wọn. Wọ́n rí i. Ṣùgbọ́n àgbà ló ní kí wọ́n tukọ̀, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún àgbà. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún wọn wọ inú ọ̀sà." Wọ́n nu ojú wọn pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Kò sẹ́ni tó bí bàbá mi nínú lọ́jọ́ náà. Ìwọ bí mi nínú."

Èyíwùnmí ò gbọ́ ìyẹn rí. Ó mọ̀ pé Mọ́mì pàápàá ò gbọ́ ọ rí. Alàgbà Fúnṣọ́ na ọwọ́ sí Dípúpọ̀ pé kó fa àwọn dìde, wọ́n sì di èjìká rẹ̀ mú bí wọ́n ṣe ń gun òkúta padà sí àgọ́, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ tí Èyíwùnmí ò gbọ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ, bàbá ní oorun ń kun àwọn. Àwọn méjèèjì jókòó sẹ́bàá odò, oòrùn ṣì wà lórí òkè. Èyíwùnmí ní kó má bínú sí ọ̀rọ̀ tóun sọ nínú ọkọ̀. Dípúpọ̀ ní òun ló yẹ kó pè nígbà yìnyín, ó ti gbé fóònù láìmọye ìgbà, ó sì gbé e kalẹ̀.

"Mi ò lè máa jókòó ti fóònù láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án lọ́dọọdún," Èyíwùnmí ní. "Mo fẹ́ kó o mọ̀."

"Mo ti sọ fún ọ̀gá ibùdó pé oṣù Keje àti Kẹjọ nìkan ni màá máa wá. Ìyókù ọdún, màá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní Laurel, wọ́n ti gbà mí síṣẹ́."

"Èmi náà lè gba ìsinmi mi lóṣù Keje. Ṣùgbọ́n kí ni màá máa ṣe níbí?"

"Apoògùn. Ẹ̀fọn ibí nìkan tó láti fún ẹ níṣẹ́ ṣe."

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú. Dípúpọ̀ mú ọwọ́ rẹ̀, ó bi í bóyá ó máa fẹ́ òun.

"Lọ béèrè lọ́wọ́ Dádì."

"Mo ti béèrè. Wọ́n ní kí n béèrè lọ́wọ́ rẹ."

"Tó bá jẹ́ èmi ni," Èyíwùnmí ní, "ó ti pẹ́ tí mo ti gbà." Ó gbé orí lé èjìká rẹ̀.

Òpin ọ̀sẹ̀ ni bàálù wá gbé bàbá àti ọmọ. Dípúpọ̀ dúró sí etí omi, ó ń kéré sí i lábẹ́ wọn, títí igbó fi bò ó. Alàgbà Fúnṣọ́ mú ọwọ́ ọmọ wọn, wọ́n béèrè ìgbà tí ọmọkùnrin náà máa délé. Èyíwùnmí ní òpin oṣù Kẹjọ.

"Ká fi ìgbéyàwó sí oṣù Kẹwàá nígbà náà," wọ́n ní. "Òtútù ò ní tíì mú."

Òtútù ò mú lóòótọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì kún, oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé, ó balẹ̀ sórí aṣọ ìyàwó. Àlùfáà yíjú sí wọn láti béèrè ta ni ó fi obìnrin yìí fún ọkùnrin yìí, kò sì tíì parí ìbéèrè náà tí ohùn Alàgbà Fúnṣọ́ fi gba inú ṣọ́ọ̀ṣì kan.

"Èmi ni."