Irin Méjì Lórí Ara Wọn

Kàù! Kàù! Ìbọn fọ́ gíláàsì ilé ìtajà wúrà nírọ̀lẹ́, àwọn èèyàn sì dọ̀bálẹ̀ bí ẹni tó ń kí ọba.

Fùùùù! Jíìpù àwọn ọlọ́ṣà ti gba ọ̀nà oko.

Sájẹ́ńtì àtàwọn ọlọ́pàá rẹ̀ lé wọn dé kòtò ọ̀gbàrá. Jíìpù ọlọ́ṣà là á kọjá bí ewúrẹ́ tó ń gun àpáta. Gbì! Ti Sájẹ́ńtì fi ikùn sọlẹ̀, ó há.

Ààjà, olórí àwọn ọlọ́ṣà, yọ orí lójú fèrèsé. “Ó dàárọ̀ o, ẹ̀yin ọlọ́pàá onírìn ìgbín.”

Sájẹ́ńtì ò wo ojú rẹ̀. Abẹ́ mọ́tò yẹn ló ń wò. Ẹnì kan ti gbé e ga. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílùú: mẹkáníìkì tó jẹ́ àbúrò ìyàwó òun gan-an.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n fa jíìpù rẹ̀ jáde, ó wà á lọ bá mẹkáníìkì náà, ó ní kó gbé ti òun náà ga. Ìyẹn ní ọ̀nà méjì ló wà. Wọ́n lè ki irin sáàárín sípíríǹgì àti ọ̀pá tó so táyà pọ̀. Kíá ló máa parí. Wọ́n sì lè pààrọ̀ sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì sí èyí tó gùn. Ìyẹn máa pẹ́, àmọ́ táyà á máa tẹ ilẹ̀ bí ẹsẹ̀ èèyàn. Ó ní òun ò ní ki irin sí mọ́tò tó máa sáré nínú kòtò.

Ó máa pẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ń kùn létí Sájẹ́ńtì bí ẹ̀fọn. Ta ló fẹ́ kó pẹ́? Ó bojú wo abẹ́ tábìlì, ó rí àjákù irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.

“Ta lo gé èyí fún?”

“Ọkùnrin kan tó ní àgbẹ̀ lòun. Mo ki ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Ó ní kò ga tó, ó ra méjì sí i, pé òun á tò ó lé e fúnra òun. Mo ní kó má dán an wò.”

“O ò sì sọ fún mi.”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo oníbàárà ni kí n máa mú wá kí yín ni?”

Sájẹ́ńtì ò rẹ́rìn-ín. Ó fara mọ́ sípíríǹgì gígùn, àmọ́ ó jókòó ti iṣẹ́ náà títí wọ́n fi dì í tán.

Ọ̀rá ṣì wà lọ́wọ́ mẹkáníìkì nígbà tí ìpè dé pé Ààjà ń ja ilé epo lólè. Sájẹ́ńtì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ọwọ́ àna rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn jíìpù. Ó ní bí mọ́tò yìí bá há, ẹ̀wọ̀n ló kàn.

Vùùùm! Wọ́n lé Ààjà títí, wọ́n tún dé kòtò ọ̀gbàrá náà.

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀, Ààjà yí ọwọ́ mọ́tò lójijì. Kàrà! Irin tòkè yọ̀ kúrò lórí tìsàlẹ̀, ó fò jáde bí eyín tó ká. Táyà ẹ̀yìn wọ́, ó há mọ́ ara mọ́tò. Gbàgà! Jíìpù fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Ti Sájẹ́ńtì rọra sọ̀ kalẹ̀, táyà kan nísàlẹ̀, ìkejì lókè, kò sì mì.

Tàù! Ọta Ààjà ba afẹ́fẹ́. Àwọn ọlọ́pàá ti gun un lẹ́yìn kó tó yin ìkejì. Wọ́n ń wá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n máa fi dè é, gbogbo ojú bá yí sí ilẹ̀kùn jíìpù.

Sájẹ́ńtì tú àna rẹ̀, ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà de Ààjà.

“Irin burúkú lo tà fún mi,” Ààjà wí láti inú ẹrẹ̀.

“Irin ò burú. Ẹyọ kan ni mo ní kóo lò.”

Mẹkáníìkì ń fọwọ́ ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó yín á bi mí níbi tí mo ti rí àpá yìí. Kí ni kí n wí?”

Sájẹ́ńtì wo ọwọ́ náà.

“Wí pé èmi ni.”