Ọ̀nà Alájùe Nìkan Ló Ṣí

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí Fàdìlàt fẹ́ yan ẹnubodè tuntun fún ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Ẹdẹ gan-an ni ẹnìkan ti ẹnubodè náà pa. Ètò kọ̀ǹpútà ni. Òun ni àwọn ilé ìwòsàn ń gbà kọjá kí wọ́n tó lè béèrè oògùn, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán an wò ni. Ní ìlú Ara, ìyá àgbàlagbà kan ti dákú nítorí abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà tí kò dé. Àwọn dókítà ṣì ń du ẹ̀mí rẹ̀.

Nítorí ìyá náà ni Ìnsípẹ́kítọ̀ Ọláníyan ṣe wá, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ojú rẹ̀ kì í sinmi. Fàdìlàt mọ̀ pé bí wọn ò bá rí ẹni tó ṣe é, àwọn ilé ìwòsàn yóò fi í sílẹ̀, wọn yóò sì jàre.

Adéyẹmí, òṣìṣẹ́ tó ti Ìbàdàn wá láìpẹ́, ni ọlọ́pàá kọ́kọ́ bi léèrè.

"Ọ̀gá, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Èmi ni mo ní ká ra ẹnubodè tuntun yìí láti máa bójú tó gbogbo API wa, ìyẹn àwọn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ń gbà bá tiwa sọ̀rọ̀. Ṣé èmi náà ni n óò tún bà á jẹ́?"

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín, Nasrullah rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ẹnubodè àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ pa tì.

"Mo ti sọ fún wọn, sà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Tèmi ò já wọn kulẹ̀ rí."

Fàdìlàt ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura sí Nasrullah. Láti kékeré tí òbí rẹ̀ ti kú ni ìyá Fàdìlàt ti gbà á tọ́. Abọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì fi jẹun dàgbà.

Ọláníyan tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. "Gbogbo ọ̀nà ló pupa, wọ́n ti tì wọ́n. Kí ló dé tí ti ilé ìwòsàn Alájùe nìkan ṣí sílẹ̀? Ta lẹ ní níbẹ̀?"

"Ìyá mi, sà," ni Fàdìlàt dáhùn. "Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà tiwọn. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ sọ fẹ́nì kankan pé ara àwọn ò yá."

"Ta ló wá mọ̀?"

Ojú Fàdìlàt ló yí sí ẹni tó máa ń fi ọ̀kadà gbé ìyá rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́.

"Ẹni tó fẹ́ ba ilé iṣẹ́ yín jẹ́ ì bá ti gbogbo ọ̀nà pa," ni Ọláníyan wí. "Ẹni tó ṣe èyí kórìíra ẹnubodè tuntun, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìyá yín. Adéyẹmí ò tiẹ̀ mọ̀ pé ara wọn ò yá. Nasrullah, ìwọ ni."

Nasrullah kúnlẹ̀ gbì. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ rí i pé kò ṣeé gbára lé ni. Mo fẹ́ ṣí i padà. N ò kàn lè ti Ìyá mọ́ta."

"Ìyá ẹlòmíràn ló wà ní Ara yẹn," ni Ọláníyan fèsì jẹ́jẹ́.

Bí wọ́n ti ń mú un lọ, Adéyẹmí béèrè pé èwo nínú ẹnubodè méjèèjì ni kí àwọn wá lò.

"Tuntun náà ni. Òun kọ́ ló ṣẹ̀," ni Fàdìlàt wí, ó sì bú sẹ́kún.

Fóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni, inú wọn sì ń dùn.

"Fàdìlàt, mo ti gba abẹ́rẹ́ mi o. Wọ́n láwọn ará ibòmíì ò rí gbà. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Nasrullah tó gbé mi débẹ̀ kó tó wá síbi iṣẹ́. Ṣé ó ti jẹun?"

Fàdìlàt wo ọkọ̀ ọlọ́pàá tó ń yí kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Rárá, Ìyá mi," ló wí. "Kò tíì jẹun."