Òkúta Nevis

Èmi ni mo kọ́kọ́ ju òkúta yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ọmọ ọmọ mi ni gbogbo ayé ti rí i.

Ọdún 1992 ni, nílé Akínlóyè ọmọ mi ní Gorton, nílùú òyìnbó. Theresa, ọ̀rẹ́ Fọláwẹ̀mí ọmọ rẹ̀, wá fi àwọn àwòrán Nevis hàn wá, erékùṣù kékeré tí wọ́n bí ìyá rẹ̀ àgbà sí. Mo rí odi àtijọ́ pẹ̀lú àgbá tó kọjú sókun, omi gbígbóná tí àwọn àlejò ń wẹ̀, ilé àwókù tí wọ́n ti ń lọ ìrèké rí, àti ibi tí wọ́n ti ń ta ẹrú nígbà kan.

Mo rẹ́rìn-ín títí ìdí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ẹsẹ̀ àga. "Ògiri wíwó ni wọ́n ń wọ bàálù lọ wò? Kí wọ́n wá wo ilé ìdáná mi l'Ọ́ffà."

Theresa náà rẹ́rìn-ín nígbà tí Fọláwẹ̀mí túmọ̀ rẹ̀ fún un. Bó ṣe jáde, mo sọ pé, "Fọláwẹ̀mí, má jẹ́ kí ọmọ ẹrú yìí gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje ilé ìwé yín mọ́ ẹ lọ́wọ́ o."

Ẹnu lásán ni. Nílé wa, bí ewúrẹ́ bá jẹ èlùbọ́, ọmọ ẹrú là ń pè é.

Lọ́sẹ̀ kejì, ilé ìwé wọn pe àwọn òbí wá wo iṣẹ́ àwọn ọmọ lórí àwọn ibi àtijọ́. Theresa ló gba ipò kìn-ín-ní. Lórí tábìlì rẹ̀ ni òkúta kan wà, èyí tí ìyá rẹ̀ àgbà mú wá láti ara ilé ìrèké náà.

Bí Fọláwẹ̀mí ti ròyìn fún mi lẹ́yìn náà, àwọn ọmọbìnrin méjì ń gún un lẹ́yìn. "Ó ti nà ẹ́ pátápátá. O ò lè sọ nǹkan kan?"

Ì bá dákẹ́. Ó la ẹnu, ó fi òyìnbó sọ ọ́ ketekete: "Ọmọ ẹrú lásán ni ẹ́. Ìyá mi àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀."

Theresa gbá a létí. Fọláwẹ̀mí fa irun rẹ̀, tábìlì ṣubú, àwọn méjèèjì wó lulẹ̀, wọ́n ń gé ara wọn jẹ bí ajá. Mo sáré wọ àárín wọn, ìró mi tú, ìgbọ̀nwọ́ kan gbé eyín iwájú mi lọ. Títí dòní, bí mo bá fẹ́ súfèé, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde. Kí n tó dìde, Fọláwẹ̀mí ti gbá òkúta náà mú. Ó là á mọ́ Theresa níwájú orí, lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀jẹ̀ bo gbogbo àwòrán Nevis.

Ojú abẹ́rẹ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi rán orí ọmọ náà. Ilé ìwé lé Fọláwẹ̀mí, nígbà tí GCSE, ìdánwò àṣejáde rẹ̀, ku oṣù mẹ́rin. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Mo fọ òkúta náà, mo mú Fọláwẹ̀mí dání, a lọ bá Ìyá Patience, ìyá àgbà Theresa. Lójú ọ̀nà ni mo sọ fún un pé, "Àwọn àgbà ti wí i kí n tó gọ̀: ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Èébú tí o gbọ́ lẹ́nu mi, má jogún ẹ̀."

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka èyí, ẹ̀yin náà ẹ má jogún ẹ̀.

A kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Theresa wà lókè, kò sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Patience gba òkúta náà, ó ń yí i lọ́wọ́, ó sì rọra sọ̀rọ̀. Fọláwẹ̀mí ń sunkún, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

"Ó ní, ibi tí wọ́n ti ra àwọn ìyá ńlá àwọn, àwọn àlejò ń ya fọ́tò níbẹ̀. Ó ní ibi tí àwọn baba ńlá yín ti tà wọ́n ńkọ́, Ìyá àgbà, ta ló ń lọ wò ó?"