Mọ́tò Tíṣà Tó Ń Gbọ̀n

Mọ́tò náà ń gbọ̀n jìgìjìgì bí ẹni tí ibà mú nígbà tó yà wọ ọgbà mẹkáníìkì Bàbá Adébùsóyè ní Àkúrẹ́. Ọkùnrin tó bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ ga, ó dúdú, ó ń dán, ṣọ́ọ̀kì sì wà lápá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bísọ́dún, ọmọbìnrin bàbá náà, gbójú sókè lórí iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ má rò pé mò ń ṣàsọdùn o, sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kúuṣẹ́ o. Jethro lorúkọ mi, tíṣà ni mí ní Oǹdó. Wọ́n ní ẹ̀ńjíníà kan wà níbí tó ń fi ẹ̀rọ wo inú ẹ́ńjìnnì."

"Òun lẹ ń wò yẹn," ni Bísọ́dún dá a lóhùn.

"Háà! Ó mà dáa bí mọ́tò mi ṣe bàjẹ́ o."

Bísọ́dún pa ẹnu mọ́ kó má baà rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde, èyí tó ní ojú bíi tẹlifíṣọ̀n kékeré. Ó yọ gbogbo wáyà tó ń gbé iná lọ sórí púlọ́ọ̀gì kí mọ́tò má baà jí, ó fi ìdìmú ẹ̀rọ náà há wáyà bátìrì, ó ní kí Jethro yí kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, ìlà kan ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹ̀rọ.

"Sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ló ní òkè tiẹ̀," Bísọ́dún ṣàlàyé. "Èyí tí kò bá lè fún afẹ́fẹ́ mọ́ra dáadáa, kì í ni bátìrì lára láti yí i. Òkè tiẹ̀ á rẹlẹ̀."

"Èwo ló wá rẹlẹ̀?"

Kò sí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Ó dá àwọn wáyà padà, Jethro ṣíná sí mọ́tò, kò gbọ̀n mọ́ rárá. Họ́wù!

Kò pẹ́ tí Jethro tún dé, mọ́tò ń gbọ̀n. Ẹ̀rọ tún ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é, mọ́tò náà sì tún wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Báyìí ló ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Tó bá dé, á ra àgbàdo sísun dání, á jókòó ti Bísọ́dún, á máa ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ọmọ tóun ń kọ́ níwèé kò gbọ́n tó Bísọ́dún. Orí Bísọ́dún dàrú. Kò mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tó ń ṣe òun alára, tí àyà rẹ̀ fi ń já bó bá ti gbọ́ ìró rẹ̀ lọ́nà.

Bàbá rẹ̀ ò rí tèyí rò. Àwọn oníbàárà ti ń sọ pé ẹ̀rọ Bísọ́dún kò mọ nǹkan kan.

"Tẹlifíṣọ̀n ẹ yìí ń purọ́," ni bàbá wí. "Bó bá tún dé, a ó tú ẹ́ńjìnnì yẹn palẹ̀. Bí mo bá bá àìsàn níbẹ̀, o ó kó ẹ̀rọ ẹ nílẹ̀, o ó sì lọ bá ìyá ẹ ní ṣọ́ọ̀bù."

Bísọ́dún sunkún. Iṣẹ́ yìí lòun fẹ́ràn láyé òun.

Nígbà tí Jethro dé, bàbá ti mú sípánà dání. Bísọ́dún bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kóun wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀rù bà á débi pé ó rọra fọwọ́ kan wáyà kọ̀ọ̀kan kó tó yọ ọ́. Ọ̀kan kò há. Wọ́n kàn gbé e lé orí púlọ́ọ̀gì ni, ṣọ́ọ̀kì funfun sì wà lára rẹ̀.

Àṣé nígbàkigbà tóun bá yọ gbogbo wáyà kóun tó wò ó, tóun sì dá wọn padà, òun fúnra òun lòun ń wo mọ́tò náà sàn láìmọ̀!

"Tíṣà, ìwọ lò ń yọ ọ́?" ló rọra bi í, kí bàbá má baà gbọ́.

Jethro wolẹ̀. "Èmi ni. Epo wọ́n bí ojú. Bí mo bá ní mò ń ti Oǹdó wá torí kí n kàn lè rí ẹ, wọ́n á ní orí mi ti yí."

"Wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi nítorí ẹ! Máa lọ!"

Ó lọ lóòótọ́, kí bàbá tó lè fi sípánà kan ẹ́ńjìnnì. Inú bí Bísọ́dún, síbẹ̀ etí rẹ̀ wà lọ́nà. Bí ìbínú ni, bí àárò ni, kò mọ èwo ni kó mú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Jethro fẹsẹ̀ rìn wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú bàbá, lójú gbogbo oníbàárà, ó jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó ṣe. Bàbá wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀rọ ọmọ mi ò purọ́ rí!"

Bísọ́dún ò rẹ́rìn-ín. "Mọ́tò ẹ dà?"

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Ìwọ ni mo wá bá."

Omi lé ròrò sójú Bísọ́dún. "Mo fẹ́ràn ẹ, Jethro. Ṣùgbọ́n má purọ́ fún mi mọ́. Bó o bá tún máa wá, kó àwọn òbí ẹ dání."

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá tọrọ rẹ̀, mọ́tò tó kó àwọn àna láti Oǹdó wọlé, ó ń gbọ̀n jìgìjìgì. Gbogbo ojú yí sí Jethro.

"Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò fọwọ́ kàn án!"

Bísọ́dún ká ọwọ́ léèsì rẹ̀ sókè, ó lọ wò ó. Gbogbo wáyà há pinpin. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde, ó ní kí Jethro yí kọ́kọ́rọ́. Òkè mẹ́ta ga, ọ̀kan rẹlẹ̀ gan-an.

"Ó ti bàjẹ́ lóòótọ́," ló wí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó máa pẹ́ kí n tó tún un ṣe."

"Olólùfẹ́ mi," ni Jethro wí, "má kánjú."