Ìbéèrè Tí Ọláòtán Kò Kà

Kọ̀ǹpútà náà ń rùn bí omi ọ̀sà. Ọláòtán kọ́kọ́ rò pé imú òun ló ń tan òun jẹ. Ó tú ìdérí rẹ̀, ó fi ìka kan inú rẹ̀. Ó gbẹ táútáú. Ọyẹ́ ń fẹ́ ní Ìkòròdú lọ́sẹ̀ náà, eruku ló kún ibẹ̀. Síbẹ̀ òórùn ẹrẹ̀ àti ti igi ọkọ̀ tó ti pẹ́ nínú omi ń jáde wá díẹ̀díẹ̀. Etí omi ní Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí Ọláòtán sí. Kò lè ṣi òórùn yìí mọ̀.

"Àǹtí, ṣé ẹnì kan da omi sí i ni?"

"Omi wo?" Fàósátù, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù fótò náà, jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé láti ya fótò. "NEPA ló mú iná lọ, tó dá a padà, tó tún mú un lọ. Látìgbà náà ni kò ti ṣí mọ́. Ẹnjiníà, tún un ṣe, má fi ìbéèrè pa mí."

Àdúgbò Lasunwon ni èyí ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún 2007. Tàjùdéèn, ọkọ Fàósátù, ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Ní ọdún tó ṣáájú, ó lọ ya fótò ìgbéyàwó ní abúlé kan lódìkejì ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ ojú omi tó gbé e sì dojú dé. Wọ́n rí gbogbo èrò ọkọ̀ náà, òkú àti alààyè, àfi Tàjùdéèn àti kámẹ́rà rẹ̀. Àwọn ẹbí ní kí àwọn kírun òkú sí i. Fàósátù kọ̀ jálẹ̀. "Èmi ò rí òkú," ló máa ń wí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí i, ẹ lọ kírun." Láti ọjọ́ náà, kò ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ rí kó tó sùn, nítorí Tàjùdéèn kì í kan ilẹ̀kùn, ńṣe ló máa ń taari rẹ̀ wọlé. Inú kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́ yìí sì ni gbogbo fótò ọkọ rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá sọnù, kò sí ibòmíràn tí yóò ti rí ojú rẹ̀ mọ́ láyé.

Sáfà ni àwọn oníṣẹ́ ń pe irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, èyí tó ń tọ́jú nǹkan fún àwọn yòókù. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tó ń kọ nǹkan pamọ́, fótò lè ṣì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí orúkọ rẹ̀ àti ibi tí wọ́n fi í sí pòórá. Ètò kan wà tó ń yẹ inú rẹ̀ wò láti igun dé igun. Bó bá kan ohun tí kò nílé mọ́, yóò dúró, yóò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tún un ṣe: ṣé kí n dá a padà? Oníṣẹ́ tó jẹ́ olóòótọ́ a máa ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan kó tó dáhùn.

Ọláòtán ka díẹ̀. Ìbéèrè ń bọ̀ léraléra, lédè Gẹ̀ẹ́sì, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Ó sú u. Iṣẹ́ mìíràn ń dúró dè é ní Èbúté Ìkòròdú. Ó bá pàṣẹ fún ètò náà pé kó máa fi *bẹ́ẹ̀ ni* dáhùn ohunkóhun tó bá béèrè, kó má dúró de òun mọ́.

Kì í ṣe pé ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ. Àwọn ará etí omi kì í jẹ́ ìpè tí wọn kò rí ẹni tó pè wọ́n. "Wo ojú ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ kí o tó dá a lóhùn," ni ìyá náà máa ń wí. Ṣùgbọ́n ìkánjú ti sọ ẹ̀kọ́ ilé di àlọ́ lójú ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹni tó ń sọ *bẹ́ẹ̀ ni* kó tó gbọ́ ìbéèrè, ẹ̀jẹ́ tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ ló ń jẹ́.

Ìbéèrè àti èsì ń sáré gòkè lójú kọ̀ǹpútà náà bí ìjàlọ tó ń wọ́ kọjá. Òórùn ọ̀sà náà ń le sí i.

"Ó ti parí, Àǹtí."

"Wá ojú rẹ̀ fún mi."

Ọláòtán ṣí ibi tí ètò náà kó àwọn ohun tó sọnù tó rí jọ sí. Ó rí àwọn ìyàwó tuntun àti àwọn ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ló rí Tàjùdéèn fúnra rẹ̀ nínú agbádá funfun. Fàósátù bú sẹ́rìn-ín, omi lé ròrò sí i lójú.

"Wo eyín! Ó ní kí èmi má rẹ́rìn-ín, òun ń yọ eyín síta bí ẹni ń polówó ọṣẹ ìfọyín!"

Fótò tó tẹ̀lé e, Fàósátù kò rí i rí. Èbúté Ẹ̀pẹ́ ni. Ẹ̀kán omi wà lójú kámẹ́rà tó yà á. Èkejì jẹ́ ọ̀nà Itóìkín tó wá sí Ìkòròdú, ẹ̀kẹta jẹ́ ọjà Ìkòròdú, ẹ̀kẹrin jẹ́ títì iwájú ṣọ́ọ̀bù Fàósátù gan-an. Gbogbo wọn ló tẹ̀ díẹ̀ sí apá òsì, bí ẹni pé ilẹ̀ fẹ́ ṣàn lọ.

Fàósátù sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo máa ń bú u ni. Mo ní, ṣé ọrùn wíwọ́ lo fi ń ya fótò ni?"

"Bóyá ó ti yà wọ́n tipẹ́, Àǹtí."

"Wo ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ yẹn." Òdìkejì títì ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Nínú fótò, ọ̀dà tuntun aláwọ̀ ewé ń dán lára ògiri rẹ̀. "Àná ló kùn ún."

Ó yẹ kí Ọláòtán dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó ṣí èyí tó kẹ́yìn.

Ilẹ̀kùn dígí kan ni. Láàárín ẹ̀kán omi, ẹni méjì kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n ń wo kọ̀ǹpútà. Obìnrin náà wé gèlè aláwọ̀ èsè àlùkò. Ọkùnrin náà wọ ṣẹ́ẹ̀tì onílà.

Ọláòtán wo gèlè Fàósátù. Ó wo ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó bojú wẹ̀yìn nínú àwọn méjèèjì.

Ó wá padà sínú àwọn ìbéèrè tí kò kà. Láàárín gbogbo Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ìlà kan wà tó jẹ́ Yorùbá: *Ẹni yìí kò nílé mọ́. Ṣé kí n mú un padà wálé?* Èsì Ọláòtán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: *Bẹ́ẹ̀ ni.*

Nísàlẹ̀ pátápátá, ìlà tuntun ti yọ. Èyí kò dá ara rẹ̀ lóhùn. Ó ń dúró. *Ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ṣé kó wọlé?*

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n pa kọ̀ǹpútà yìí."

"Bí o bá pa á báyìí, ṣé fótò rẹ̀ á ṣì wà?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Gbé ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀."

Lẹ́yìn wọn, omi ń kán sí ẹnu ọ̀nà, tó, tó, tó. Fàósátù tẹjú mọ́ ìbéèrè náà títí. Ohun tó ti ń bẹ Ọlọ́run fún láti ọjọ́ yìí wá ló dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù.

"Ọkọ mi kì í kan ilẹ̀kùn," ó wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Alààyè kì í tọrọ àyè kó tó wọ ilé ara rẹ̀."

Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́: *Bẹ́ẹ̀ kọ́.* Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tó ti kọ̀ láti sọ látijọ́ tí ọkọ̀ ti dojú dé: "Ti Ọlọ́run ni wá, ọ̀dọ̀ Rẹ̀ la ó padà sí."

Omi náà dákẹ́. Nígbà tí wọ́n bojú wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tutù rinrin nínú ọyẹ́. Àwọn fótò ọ̀nà náà ti pòórá; ti Tàjùdéèn alágbádá funfun wà níbẹ̀ digbí. Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n kírun sí i. Fàósátù ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kó tó sùn lọ́jọ́ náà.

Fàósátù ti dáhùn ìbéèrè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n *bẹ́ẹ̀ ni* tí Ọláòtán sọ, kò sẹ́ni tó fagi lé e.

Látìgbà náà, Ọláòtán ń ka gbogbo ìbéèrè kó tó dáhùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ìgbín. Ó ra fóònù tó ń ya fótò. Lọ́jọ́ kan, Morádéyọ̀ ìyàwó rẹ̀ ń wo fótò ọmọ wọn nínú rẹ̀, ó sì fajú ro. Fótò náà tẹ̀ sí apá òsì, ẹ̀kán omi kan sì wà létí rẹ̀.

"Ṣé ọrùn wíwọ́ lo fi ń ya fótò ni?" ó wí.

Ọláòtán kò sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn fún un rí. Ó kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ ná, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, kó tó dá a lóhùn.