Àpò Tí Kò Dé Òṣòdì

"Tíṣà ìdọ̀tí! Ṣé oorun lẹ̀kọ́ tòní ni?"

Nafeesah ta gìrì. Orí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Diamond, aránṣọ kan ní Ṣógúnlé, ló jókòó sí tí oorun fi gbé e lọ. Àwọn àpò ìdọ̀tí tó ti gbà láti òwúrọ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó rẹ́rìn-ín tí kò dénú.

"Ẹ má bínú, mà. Ibi iṣẹ́ ni mo ti pẹ́ lánàá."

"Ojú ẹ ti sọ fún mi," ni Ìyá Diamond wí. "Ó yá, gba tèmi. Ọ̀rá àti ike wà lọ́tọ̀, èèpo iṣu wà lọ́tọ̀, bó o ṣe kọ́ wa."

Ọdún tó gbẹ̀yìn ni Nafeesah wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Dókítà Ọmọ́bọ́lájí ló ń kọ́ wọn bí èèyàn ṣe lè lo ayé láì ba tàwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn jẹ́, ṣùgbọ́n obìnrin náà kì í dúró pe ọ̀rọ̀ fún wọn kọ sínú ìwé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti là á mọ́lẹ̀: "Mi ò ní sọ fún yín bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àdúgbò. Ẹ lọ tọ́jú ọ̀kan. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni yóò fún yín ní máàkì, kì í ṣe èmi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí wọ́n pín àdúgbò ni wọ́n tó mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Nafeesah àti Abdulhameed, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ni wọ́n fún ní òpópónà kan ní Ṣógúnlé. Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n fi bẹ àwọn ìyálé ilé kí wọ́n máa ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀. Ní gbogbo Sátidé, wọn yóò kó ọ̀rá àti ike lọ fún àwọn tó ń rà á ní Òṣòdì, wọn yóò sì kó èèpo lọ sí oko ilé ẹ̀kọ́, níbi tó ti máa jẹrà di ajílẹ̀. Àwọn obìnrin náà gbà. Bàbá Mísbáù tó ń lẹ táyà ní ẹnu òpópónà nìkan ló kọ̀ jálẹ̀.

"Ìdọ̀tí ni ìdọ̀tí ń jẹ́," ni baba náà wí. "Ẹ má fi kún iṣẹ́ mi."

Kí á má tan ara wa, ó rẹ Nafeesah. Bó bá kúrò ní kíláàsì, ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ìsọlọ̀ ló ń gbà lọ, nítorí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Orí ìdúró ló ti ń di bísíkíìtì sínú páálí títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi wú. Bí Sátidé bá dé, ó máa ń ṣe é bíi kó sunkún.

Abdulhameed ló mú ìmọ̀ràn wá.

"Nafee, ta ló ń tẹ̀ lé wa dé Òṣòdì? Pe ọlọ́mọlanke kó wá kó o. Ya fọ́tò àwọn àpò kó tó gbéra ká fi han Dókítà, ó parí."

Ọmọ Èkó wo ni kò mọ̀ pé a kì í bi ọlọ́mọlanke ní ibi tó ń da ìdọ̀tí sí? Nafeesah mọ̀. Kò bi í. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ní òun máa ṣe é, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó bá ti mọ ọ̀nà àbùjá kì í fẹ́ gba ọ̀nà gbọọrọ mọ́. Gbogbo Sátidé ló ń ya fọ́tò, tó sì ń lọ sùn.

Òjò wá dé. Òjò ọ̀hún kì í ṣe kékeré: omi kún gọ́tà, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Diamond, ó bo aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán. Nígbà tí omi fà, gbogbo àdúgbò jáde láti kó gọ́tà. Ṣọ́bìrì Nafeesah kan nǹkan kan nínú ẹrẹ̀. Àpò ni. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó. Òmíràn tún wà lábẹ́ rẹ̀. Inú gọ́tà ni ọlọ́mọlanke ti ń da gbogbo rẹ̀ sí.

Abdulhameed sún mọ́ ọn. "Ṣe bí ẹni tí ò rí i. Da ẹrẹ̀ bò ó."

Ó da ẹrẹ̀ bò ó.

Lẹ́yìn wọn, àwọn obìnrin ti bo Bàbá Mísbáù. "Ẹ̀yin tẹ́ ò bá wa yà á sọ́tọ̀, ẹ̀yin lẹ dà á sí gọ́tà!" Baba náà búra títí ohùn rẹ̀ fi há. Lánlọ́ọ̀dù ibi tó ti ń lẹ táyà kò gbọ́, ó ní kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ tí Dókítà Ọmọ́bọ́lájí wá gba máàkì ni baba náà ń kó ẹrù. Ìyá Diamond ló kọ́kọ́ dìde.

"Ẹ fún un ní gbogbo máàkì tẹ́ ẹ bá ní, mà. Ọmọ yìí ń sùn lórí bẹ́ǹṣì nítorí tiwa. Ká ní gbogbo wa ṣe bíi tiẹ̀ ni, omi ò ní wọlé."

Nafeesah wo ilẹ̀. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, kò ní bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, ilé iṣẹ́ bísíkíìtì sì ti ṣèlérí iṣẹ́ ọ́fíìsì fún un bó bá ti gba ìwé ẹ̀rí. Ẹsẹ̀ tó ti wú yìí ì bá sinmi. Ó gbójú sókè, ó rí Bàbá Mísbáù tó ń fi ikùn ti ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà, kò sí ẹni tó ràn án lọ́wọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n baba yìí kò ní ogún ọdún tí yóò fi dúró.

"Kì í ṣe Bàbá Mísbáù," ni Nafeesah wí. "Èmi ni." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Abdulhameed náà gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀. "Àwa méjèèjì ni."

Ìyá Diamond kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Bí mo bá dìde nídìí maṣíìnì, ẹ̀yìn á ti máa ro mí, síbẹ̀ mo máa ń jókòó ya èèpo lára ọ̀rá. Ó ń rẹ èmi náà, Nafeesah."

"Máàkì mélòó, mà?" Dókítà bèèrè.

"Òdo."

Dókítà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó yíjú sí àwọn ọmọ náà. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ òtítọ́. Àmọ́ òtítọ́ ò tíì kó gọ́tà. Ẹ máa tún un ṣe."

Lánlọ́ọ̀dù bẹ Bàbá Mísbáù, wọ́n bá a gbé ẹ̀rọ rẹ̀ padà. Àwọn ẹgbẹ́ Nafeesah jáde, òun àti Abdulhameed kù sẹ́yìn. Ìdí páálí bísíkíìtì ni Nafeesah ṣì wà.

Sátidé tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé àpò síta. Èyí tó tẹ̀ lé e náà rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Diamond gbé àpò méjì jáde, ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa.

"Gbé ọ̀kan, kí n gbé ọ̀kan. Èmi náà fẹ́ rí ibi tó ń dé."

Nínú oòrùn Òṣòdì, bí wọ́n ṣe ń sọdá ojú irin pẹ̀lú àpò lórí, Ìyá Diamond dúró mí.

"Nígbà tó rẹ̀ ọ́ lọ́jọ́sí, ṣé o ò lẹ́nu ni? Ṣé tó o bá sọ fún wa, a ò ní bá ọ gbé e ni?"

Àárẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹni tó bá fi àárẹ̀ bojú tó sì ti ẹrù tirẹ̀ sórí aládùúgbò ló ṣẹ̀. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ wí.