Ọkọ̀ Tí Yóò Gba Gbogbo Wa

Inú gíláàsì ọkọ̀ ni Fenna ti kọ́kọ́ rí Onno.

Kì í ṣe pé ọkùnrin náà jókòó sínú ọkọ̀ o. Ọjọ́ Àìkú ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Leer, ìlú wa lápá àríwá ilẹ̀ Jámánì, a wá yà sí ọgbà tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ àlòkù lẹ́bàá odò. Wọn kì í tajà lọ́jọ́ Àìkú níbí. Ẹni tó ni ọgbà wà nílé, ó ń sùn. Ṣùgbọ́n kì í ti géètì, nítorí náà gbogbo ìlú á máa rìn kiri láàárín ọkọ̀, wọn á fi ọwọ́ ṣíji bojú, wọn á máa yọjú wo inú ohun tí wọn ò lè rà lọ́jọ́ náà.

Ọkọ̀ kan wà níbẹ̀, aláwọ̀ búlúù, ẹlẹ́yìn gígùn. Ikùn rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀, táyà rẹ̀ fẹ̀ bí ìdí èmi fúnra mi. Ó dúró jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá wò ó, ẹ ó rò pé eré ló ń sá.

Fenna fi imú lé gíláàsì lápá ọ̀tún. Ọkùnrin kan fi imú lé e lápá òsì. Ojú wọn pàdé láàárín.

"Moin," ni ọkùnrin náà wí. Bí a ti ń kí ara wa nìyẹn, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́.

"Moin," ni Fenna dáhùn. "Ẹ má sọ fún mi pé ẹ fẹ́ rà á."

"Mo fẹ́ rà á."

"Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo tilẹ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ kan rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, òmíràn rọ̀ mọ́ tòsì, ẹ ò lè mọ èyí yàtọ̀ sí èyí. Ìbejì! Orin ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀:

*Méjì ló dé, méjì ló dé,*
*Ẹ wá bá mi gbé ọ̀kan,*
*Apá mi kò ká ayọ̀ yìí.*

Gesche ni orúkọ mi. Èmi ni mo bí Reent, ọkọ Fenna. Àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ló mú ọmọ mi lọ nígbà tí Tomma, ọmọbìnrin wọn, kò tíì lè rìn. Fenna kò kó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àgbàlá kan ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tèmi, bí ó bá sì ti jí, òun ni yóò kọ́kọ́ ké sí mi: "Màmá, ṣé ẹ jí ire?" Tomma ti di ọmọ ọdún mẹ́jọ báyìí.

Onno ní tirẹ̀, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò lọ sí erékùṣù ló ń bá ṣiṣẹ́. Keno àti Hauke lorúkọ àwọn ìbejì rẹ̀. Ìyá wọn ti bá ayé tirẹ̀ lọ sí gúúsù. Ó ń fi káàdì ọjọ́ ìbí ránṣẹ́.

Kò sẹ́ni tó ra ọkọ̀ búlúù náà lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ti jọ fẹnu kò pé kò sẹ́ni tí yóò rà á kí ẹnì kejì má mọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kejì, àwọn méjèèjì tún wà níbẹ̀. Ìkẹta náà, bákan náà, títí ó fi pé oṣù méjì. Àwọn ọmọ ti ń bá ara wọn ṣeré láàárín táyà. Èmi ń mú kéèkì jẹ láti inú àpò mi, mò ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ̀yin gan-an ẹ mọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í fi oṣù méjì wo ọkọ̀ kan ṣoṣo.

Nígbà tó yá, wọ́n jọ lọ wà á wò. Fenna ló di ìdarí mú, Onno jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi àti Tomma wà lẹ́yìn. A gba ojú ọ̀nà ẹ̀bá òkìtì tí a fi dí òkun, níbi tí àwọn àgùntàn ti ń jẹko. Fenna tẹ iná. Háà! Ọkọ̀ náà kò pariwo, ó kàn fò bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ ni. Fenna bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn mọ́ láti ìgbà tí a ti sin Reent.

"Ojú ọ̀nà ni kí o máa wò, Onno, kì í ṣe èmi," ni Fenna wí.

"Ìwọ lò ń wà á. Èmi lè wo ohun tó wù mí."

"Kí ló wá wù ọ́?"

"Mo fẹ́ràn rẹ, Fenna."

"Ẹ̀rù eré ló ń bà ọ́."

"Rárá o, ọkàn mi. Ìfẹ́ ni."

Tomma di etí. Èmi la tèmi sílẹ̀ dáadáa.

Ṣùgbọ́n Bàbá Habbo wà ńlẹ̀. Òun ni baba Fenna, ó fi gbogbo ayé rẹ̀ sin màlúù, ohun tí Fenna bá sì fẹ́ ṣe, ó gbọ́dọ̀ gba iwájú tábìlì rẹ̀ kọjá. Ó ní kí gbogbo wa wá mu tíì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ilẹ̀ wa mọ̀ pé ife mẹ́ta ni òfin. Ẹni tó bá ti mu tó á fi ṣíbí sínú ife rẹ̀, wọn ò ní bu fún un mọ́. Ẹni tó bá wá fi ṣíbí sínú ife àkọ́kọ́, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bu tíì lójú nìyẹn.

Bàbá Habbo ju ṣúgà olókùúta sí ife, ó bu tíì lé e, ó fi ọ̀rá wàrà sórí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi. Ọmọ mẹ́ta ló wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ wá fẹ́ ra ọkọ̀ tí ikùn rẹ̀ ń fá ilẹ̀. Bọ́ọ̀sì ni kí ẹ rà! Bọ́ọ̀sì gàgàrà, tí èèyàn lè dúró nínú rẹ̀ wọ ṣòkòtò."

"Bàbá, ta ló fẹ́ wọ ṣòkòtò nínú ọkọ̀?" ni Fenna bi í.

"Bí atẹ́gùn etíkun yìí bá gbé bọ́ọ̀sì gàgàrà, ó di ilẹ̀ Netherlands," ni Onno wí.

"Kò burú. Wàràkàṣì wọn dára."

A rẹ́rìn-ín, Bàbá Habbo náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Onno wá gbé ife kalẹ̀.

"Bàbá, mo ní ọ̀rọ̀ kejì. Èmi àti Fenna..."

Kíń! Fenna ti fi ṣíbí sínú ife. Ife àkọ́kọ́ o! Ó dìde, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà ìdáná jáde.

Bàbá Habbo gbé ìkòkò tíì kalẹ̀.

"Hẹn-ẹn," ni Bàbá Habbo wí. "Ọmọ mi ti fèsì."

Ojú Onno pọ́n, ó tún wá funfun. Ó kó àwọn ìbejì mọ́ra. "Ẹ ṣeun fún tíì," ni gbogbo ohun tó wí, ó sì jáde.

Èmi wo ife Fenna. Tíì kún inú rẹ̀, ọ̀rá wàrà ṣì léfòó. Fenna tí mo mọ̀, ó lè fi tíì ṣe oúnjẹ àárọ̀, kó tún fi ṣe tọ̀sán. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Inú mi dùn débi pé ìdí mi kò gba àga mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tèmi láti sọ.

Nígbà tí Fenna padà wọlé, ojú rẹ̀ fi hàn pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Onno dà?"

"Ó ti lọ," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ṣé ìwọ kọ́ lo fi ṣíbí sínú ife?"

"Ṣíbí?" Fenna wo ife bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ṣe é. "Háà! Mi ò tilẹ̀ mọ̀! Èébì ló gbé mi, ọwọ́ mi ló ṣe é fúnra rẹ̀."

Ó pe fóònù Onno títí, kò gbé e. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ń ta ọkọ̀ pè é pé Onno ní òun kò ra ọkọ̀ búlúù mọ́.

Fenna wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ìdáná mi, ó ń sunkún.

"Màmá, ó ti kọ̀ mí. Ó kọ ọkọ̀, ó kọ̀ mí. Mo sì ti..." Ó fi ọwọ́ lé ikùn.

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Tíì ló sọ fún mi."

Ó gbójú sókè. "Ẹ ò bínú? Nítorí Reent?"

Mo bá a jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ náà, orúnkún mi sì ń ké. "Reent, ọmọ mi ni. Tomma, ọmọ ọmọ mi ni. Èyí tó wà níkùn rẹ yìí, tí o bá gbà fún mi, ọmọ ọmọ mi ni òun náà."

Ó dì mọ́ mi. Mi ò sọ ohun tó kù nínú mi fún un, pé bí ilé wọn bá kún tán, mi ò mọ ibi tí ìyá ọkọ àkọ́kọ́ ń dúró sí. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní, "Dìde. Lọ mú kẹ̀kẹ́ rẹ."

A gun kẹ̀kẹ́ lọ sí èbúté, atẹ́gùn ń gbá wa lójú, mò ń kọrin kí orúnkún mi má baà gbọ́ ara rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gúnlẹ̀. Onno dúró lẹ́nu rẹ̀, ó di okùn mú. Bó ti rí Fenna, ó fò sílẹ̀.

"Fenna, má tíì sọ nǹkan kan. Mo ti fi ọkọ̀ búlúù yẹn sílẹ̀. Mo ti lọ wo bọ́ọ̀sì tí bàbá rẹ ń wí. Ó burẹ́wà bí àpótí ẹja, ṣùgbọ́n màá rà á. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ló mú kí o fi ṣíbí sínú ife, ọkọ̀ kò tó nǹkan. Ìwọ ni mi ò lè fi sílẹ̀."

Fenna ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Òmùgọ̀ olólùfẹ́ mi. Tíì ló ń rùn sí mi."

"Tíì bàbá rẹ?"

"Gbogbo tíì."

"Tíì kì í rùn sí ẹni tí wọ́n bí níbí! Àfi tó bá..." Ó wo ojú rẹ̀, ó wo ikùn rẹ̀, ó sì jókòó sórí okùn gbì.

"Onno! Okùn!" ni ọ̀gá rẹ̀ pariwo látòkè.

"Ẹ dúró, ọ̀gá! Mo ti di bàbá!"

"O ti jẹ́ bàbá tẹ́lẹ̀!"

"Mo tún di bàbá!"

Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Onno fi orí lé ikùn Fenna níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, èmi sì bú sórin.

Ìgbà náà ni wàhálà ọkọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ọkọ̀ búlúù náà kò gbà ju èèyàn márùn-ún lọ. Fenna lọ bá a lọ́jọ́ Àìkú, ó fọwọ́ pa á lórí bí ẹṣin, ó ní ó dìgbà. Bàbá Habbo ń fọwọ́ ra ọwọ́. "Bọ́ọ̀sì," ni ó ń wí nígbàkúùgbà tí ẹnikẹ́ni bá yanu. "Bọ́ọ̀sì!"

"Bàbá," ni Fenna wí, "mo ti jẹ́ ìyá, mo ti jẹ́ opó. Ẹ jẹ́ kí n ní ohun kan tó ń pa mí lẹ́rìn-ín."

Wọ́n wá ọkọ̀ mìíràn kiri. Ọ̀kan ń rùn bí ajá tó jábọ́ sódò. Ọ̀kan dára lójú, nígbà tí Onno dọ̀bálẹ̀ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán. Òmíràn, ìjókòó àwọn ọmọ kò tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó dà bíi pé a ń kó ẹja sínú agolo. Bọ́ọ̀sì kan náà wà, Fenna wà á yí ọgbà ká, ó bọ́ sílẹ̀, ó kàn mirí ni.

Ọkùnrin kan lápá ìlú Aurich ló wá ní ọkọ̀ aláwọ̀ ewé, ẹlẹ́yìn gígùn. Ó ti dàgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ ehoro. Onno kò jẹ́ kí wọ́n tàn án àfi ìgbà tó tutù dáadáa, kó lè gbọ́ bó ṣe ń jí. Ó jí láì wúkọ́. Ọkùnrin náà ṣí búùtù, ó fa nǹkan kan sókè nílẹ̀ rẹ̀, ìjókòó kéékèèké méjì sì dìde, wọ́n kọjú sí ẹ̀yìn, wọ́n ní bẹ́líìtì tiwọn.

Kí a tó ṣẹ́jú, Tomma àti Keno ti wà nínú rẹ̀. Hauke ń sunkún pé ó ti kan òun.

Bàbá Habbo káwọ́ gbera jókòó síwájú. Fenna tẹ iná lójú ọ̀nà tó gùn lọ bí okùn. Fìlà bàbá jábọ́.

"Dúró!" ni ó wí.

Fenna dúró.

Bàbá mú fìlà rẹ̀, ó dé e, ó sì tún un ṣe. "Yí padà. Tún tẹ iná bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ gbọ́ ìró yẹn."

Bí wọ́n ṣe ra ọkọ̀ náà nìyẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé, wọ́n ṣègbéyàwó ní gbọ̀ngán ìlú. Wọ́n ti tú aṣọ Fenna fẹ̀ níbi ikùn, ó rẹwà bí òwúrọ̀. Mo kọrin títí ohùn mi há. Lẹ́yìn náà, bí gbogbo èèyàn ti ń múra láti lọ jẹun nílé Bàbá Habbo, mo rọra lọ síbi kẹ̀kẹ́ mi. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tiwọn ni.

"Màmá, níbo lẹ ń lọ?" ni Fenna pè.

"Mò ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Ẹ máa lọ."

Onno bọ́ sílẹ̀, ó gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé e ti ògiri. "Màmá, ẹ bá mi kà á. Èmi àti Fenna. Tomma. Àwọn ìbejì. Èyí tó ń bọ̀. Ta lẹ wá rò pé à ń wá ìjókòó keje fún kiri?"

Èmi, Gesche, mi ò rí orin kankan lẹ́nu mi.

Wọ́n fi mí sáàárín, Hauke lápá kan mi, àlàfo ọmọ tó ń bọ̀ lápá kejì. Tomma àti Keno wà nínú búùtù, wọ́n ń juwọ́ sí gbogbo àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa. A kò tíì jìnnà tí katakata kan fi bọ́ síwájú wa, ó ń fà lọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ eléré wa sì ń kùn lẹ́yìn rẹ̀ bí ológbò.

"Ṣé kí n yà á kọjá?" ni Onno bèèrè.

Fenna na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di tèmi mú.

"Má kánjú, ìfẹ́ mi," ni ó wí. "Gbogbo wa ló wà níbí."